Ó Ku Zofia

Rédíò ilé ìdáná ní kí a má fòyà.
Ó ní oòrùn yóò ràn títí di Ọjọ́bọ̀,
kí àwọn tó ń gbin tòmátì máa palẹ̀ mọ́.
Ìyá Bronka pa á.
Ó ní ará ìlú ńlá ni ọkùnrin yẹn,
orí ilé alájà mẹ́sàn-án ló ti ń wo ojú ọ̀run,
kò ní igi kan ṣoṣo tí yóò sunkún lé lórí.

Ìgbà ìrúwé nìyí, lẹ́bàá odò Pilica.
Ápù ti tanná. Mo ní ápù ti tanná!
Ọgọ́ta ìlà igi, funfun láúláú,
pupa díẹ̀ létí, bí etí ọmọ ọwọ́ tí òtútù mú.
Àlejò tó bá rí i yóò ní ọrọ̀ ti wọlé dé.
Gbèsè ni gbogbo rẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án:
gbèsè oògùn, gbèsè dísù,
gbèsè àpótí tí Tymon lọ rà láwìn.

Àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta kan wà nínú kàlẹ́ńdà wa,
Pankracy, Serwacy, Bonifacy,
ọjọ́ kejìlá, ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá oṣù Karùn-ún.
Lẹ́yìn wọn ni Zofia Olótùútù,
obìnrin tó máa ń dé kẹ́yìn,
tí í sìí fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.
Má gbin ohun ẹlẹgẹ́ kí Zofia tó kọjá.
Àlùfáà ní ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú Bíbélì.
Bronka bi í bóyá tòmátì wà níbẹ̀.

Alẹ́ Bonifacy, ojú ọ̀run mọ́ kedere.
Ẹ bẹ̀rù ojú ọ̀run tó mọ́ kedere lóṣù Karùn-ún.
Ìkùukùu ni aṣọ ìbora ilẹ̀,
ẹnìkan sì ti ká a kúrò lára ọmọ tó ń sùn.
Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ajá aládùúgbò dákẹ́.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ wo òṣùwọ̀n tí a so mọ́ òpó:
dígírì méjì.
Nígbà tí aago méjì lù, òdo.
Òdo. Odò kò tíì mọ̀, ó ṣì ń ṣàn lọ,
òdòdó ti mọ̀.

Tymon tan ẹ̀rọ, omi fò sókè lórí igi.
Ẹni tí kò mọ̀ ìbá ní orí wa ti dàrú:
òtútù ń pa igi, àwa ń da omi sí i lára.
Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń dì,
a máa tu ooru kékeré kan sílẹ̀,
bí arúgbó tó tú ìdí ìborùn
yọ owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ.
Òdòdó kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù dígí.
Kí omi ṣáà má dá.
Bí omi bá dá, àwa la pa wọ́n.

Aago mẹ́rin, ẹ̀rọ wúkọ́.
Ó tún wúkọ́.
Bronka, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
bọ́ sídìí rẹ̀ nínú bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó ti kú,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú
bí ẹni ń lu màlúù tí kò fẹ́ dìde.
Ó dìde.

Nígbà tí oòrùn yọ, yìnyín ń já tó, tó, sórí koríko,
oyin kan ń rìn kiri lórí dígí, ó ń wá ẹnu ọ̀nà.
Mo já òdòdó mẹ́wàá, mo fi èékánná là wọ́n:
mẹ́fà tutù yọ̀yọ̀,
mẹ́rin dúdú nínú.
Bronka ní mélòó? Mo ní mẹ́fà.
Ó ronú. Ó ní ẹni tó ni àpótí yóò dúró.

Rédíò ní ó ṣeé ṣe kí òtútù díẹ̀ wà lálẹ́ òní.
A kò dá a lóhùn.
Àwọn tòmátì wà lójú fèrèsé nínú agolo wàrà,
wọ́n na ọrùn síta.
Bronka yí wọn padà, ó bomi rin wọ́n,
ó ní kí wọ́n jókòó.
Ó ku Zofia.